Ẹ̀yìn Etí Àńjọlá

Ọmọ náà ń ké, Ògiri sì ń yìn ín.

"Etí ọ̀tún, mímọ́," ni Ògiri wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí kò sí ẹni tó rí i rí. "Etí òsì, mímọ́. Òkè-Omi kí ìdílé yìí kú oríire. Ẹlẹ́rìí dà?"

Dókítà Ìbídùnní ni ẹlẹ́rìí. Orí àga tó ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ ni wọ́n gbé e jókòó sí ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, bí ẹni pé adájọ́ ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹjọ́ kan tí wọ́n ń gbé wá síwájú rẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin tó ń ké náà. Ẹ̀rìgì rẹ̀ wú, itọ́ ń ṣàn láti ẹnu rẹ̀ dé àyà. Eyín ló ń hù. Etí rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Àwòrán rẹ̀ nìyẹn lára Ògiri, awọ etí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sọ di ńlá bí ẹní, tó ń dán bí ìkarahun òkun. Bó ṣe wà lára Ògiri gbọ̀ngàn yìí náà ló wà lára gbogbo ògiri ìlú, ní ọjà, ní èbúté, ní ilé ìwé, kí tọmọdé tàgbà lè rí i pé ọmọ Òkè-Omi kò mọ àrùn etí.

"Mo rí i," ni Ìbídùnní wí níkẹyìn.

"A dúpẹ́," ni Ògiri wí. "Ẹni tó kàn."

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Òfin sọ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ wo etí ọmọdé mọ́, ẹ̀rọ nìkan ni. Òfin kan náà tún sọ pé ènìyàn kan gbọdọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ kó máa sọ pé òun rí ohun tó rí. Àwọn tó ṣe òfin yìí ti jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ti jẹ ẹja yíyan, wọ́n ti mu omi àgbọn lé e, wọ́n sì ti dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọgbọ́n ni àwọn gbọ́n. Ìbídùnní, tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣí etí ọmọ aráyé tó sì tún un pa dé, ni wọ́n wá fún ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó máa sọ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń bí i nínú. Awotí, bí àwọn ará ìlú ṣe ń pè é, kì í purọ́. Ife kékeré kan ni wọ́n ń fi bo ihò etí, ó rọ̀ bí ètè ọmọ tuntun. Ìmọ́lẹ̀ àti ìró tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ á gba inú rẹ̀ wọlé, á sì yọ àwòrán ohun tó wà lẹ́yìn awọ etí jáde kí ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun. Nígbà tí Ìbídùnní ṣì kéré nídìí iṣẹ́, iná àfọwọ́mú ni wọ́n fi ń yọjú sínú etí ọmọ tó ń jà, tí wọ́n á máa méfò bóyá ọyún ló wà níbẹ̀ tàbí omi lásán. Ó ka ẹ̀rọ náà sí. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ni kò kà sí.

Kò fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn ìyá tó tò síwájú rẹ̀ sí pẹ̀lú. Orí omi ni wọ́n ń gbé, inú omi ni àwọn ọmọ wọn ti ń ṣeré kí wọ́n tó mọ ìrìn, kò sì sí bí etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní máa dùn ún. Ṣùgbọ́n ìdílé tí àwòrán ọmọ rẹ̀ bá pọ́n lára Ògiri, àwọn aládùúgbò kò ní jẹ́ kó gba orí afárá wọn kọjá títí tí àwòrán á fi mọ́. Nítorí náà, bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń súnmọ́, wọ́n á wá kápúsù apakòkòrò àrùn tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, wọ́n á máa tú u sínú ògì ọmọ díẹ̀díẹ̀ kí awọ etí lè funfun. Wíwẹ etí ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́.

Ti òní tilẹ̀ légbá kan. Lẹ́yìn gíláàsì tó wà lókè gbọ̀ngàn, àwọn àlejò láti Ẹgbẹ́ Àwọn Ìlú Orí Omi jókòó nínú aṣọ funfun. Wọ́n wá fún Òkè-Omi ní oyè Ìlú Etí Mímọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá ti yọ, wọ́n á mi orí, wọ́n á sọ̀rọ̀ síra wọn létí, wọ́n á tún mi orí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ̀kalẹ̀ wá bi ìyá kan léèrè bóyá ọmọ rẹ̀ rí oorun sùn.

Nọ́ọ̀sì Ṣẹ́gilọlá, tó ti ń bá Ìbídùnní ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ abẹ, rọra wá sí ẹ̀gbẹ́ àga.

"Dókítà, wọ́n ń pè yín ní yàrá ẹ̀yìn. Alábòójútó Etí fúnra wọn ni."

"Ta ni yóò wá jẹ́rìí?"

"Wọ́n ní kí n jókòó dè yín."

"Ṣé o mọ ohun tí wàá máa sọ?"

"Mo gbọ́ pé ó le díẹ̀, mà," ni Ṣẹ́gilọlá wí. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. "Ṣùgbọ́n mo máa gbìyànjú."

Ọ̀gbẹ́ni Akínlàjà, Alábòójútó Etí ní Òkè-Omi, dúró láàárín yàrá ẹ̀yìn nínú agbádá funfun tí wọ́n fi òwú fàdákà ya etí ńlá kan sí láyà. Ọkùnrin yìí kò tíì wo inú etí ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n ṣe ń kéde nǹkan ni ó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ló sọ pé ìlú tí etí ọmọ rẹ̀ mọ́ kò nílò yàrá iṣẹ́ abẹ etí. Ó ní kí wọ́n kó irinṣẹ́ Ìbídùnní sínú àpótí, ó sì ní kí wọ́n fi férémù gbé àwòrán àwọn etí tó rẹwà jù kọ́ sára ògiri yàrá náà, kí àlejò lè máa rìn kiri wò wọ́n. Ìyàwó rẹ̀, Morádékẹ́, jókòó sórí àga igi kan ní igun yàrá. Ọmọbìnrin wọn, Àńjọlá, tí kò tíì pé ọdún méjì, wà léjìká rẹ̀.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́," ni Akínlàjà wí. "Ẹ bá wa wo ọmọ yìí."

"Awotí wà níta, Ọ̀gá. Òun ló ń wo ọmọ ní ìlú yìí."

"Awotí ti wò ó nílé láàárọ̀. Etí rẹ̀ mọ́."

"Ẹ kú oríire."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ni Morádékẹ́ wí láti igun. "Ara rẹ̀ gbóná. Kò jẹun. Bí mo bá fọwọ́ kan orí rẹ̀, ṣe ló ń gbọ̀n."

Ìbídùnní kọjá lára ọkùnrin náà bí ẹni tó kọjá lára òpó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú obìnrin náà. Kò tíì fọwọ́ kan ọmọ tó fi rí i. Etí òsì Àńjọlá yọ síta ju ti ọ̀tún lọ, bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tì í síwájú. Ó ká irun ọmọ sókè. Ẹ̀yìn etí náà wú, ó pọ́n, ó ń dán. Ó fi orí ìka kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ó rọ̀, ó sì gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò. Ọmọ náà kò ké. Ó kérora lásán, bí àgbàlagbà.

"Kí lẹ fún un?"

Morádékẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Akínlàjà wo ìlẹ̀kùn.

"Kápúsù ni, mà," ni obìnrin náà wí. "Etí rẹ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣàn díẹ̀. A ń tú u sínú ògì rẹ̀. Nítorí àwọn àlejò ni."

"Ẹ wẹ etí rẹ̀."

"Gbogbo ènìyàn ló ń wẹ etí ọmọ, mà."

"Ẹ gbá iwájú ilé, ẹ wá kó ìdọ̀tí sínú yàrá," ni Ìbídùnní wí. "Egungun ẹ̀yìn etí kì í ṣe òkúta. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, bíi búrẹ́dì. Kápúsù tí ẹ̀ ń fún un kò tó láti pa àrùn, ó kàn tó láti lé e kúrò níbi tí wọ́n ti lè rí i ni. Ó ti sá wọ inú egungun. Lẹ́yìn egungun yẹn, ọpọlọ ló kù."

Morádékẹ́ di ọmọ náà mọ́ra. Akínlàjà tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọwọ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè tìtorí ọwọ́ gbé abẹ sí ọmọ lórí. Ẹ jẹ́ kí Awotí wo ẹ̀yìn etí rẹ̀."

"Awotí kì í wo ẹ̀yìn etí."

"Ó ń wò ó nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin lẹ tì í."

"Àwòrán tó ń pọ́n ti ń pọ̀ jù nígbà náà. Ó ń dẹ́rù ba ará ìlú."

"Wọ́n ń pọ́n nítorí pé ara àwọn ọmọ kò yá, Ọ̀gá."

"Ẹ̀rọ kò lè máa wá àìsàn kiri," ni Akínlàjà wí.

Ìbídùnní wò ó. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Kò gbọ́ ọ. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú etí fàdákà rẹ̀ láyà, ó ń retí pé kí wọ́n gbà pé òótọ́ lòun sọ.

"Ohùn yín nìkan ló lè ṣí i," ni Ìbídùnní wí. "Ẹ ṣí i."

"Bí mo bá ṣí i, yóò hàn lára gbogbo ògiri. Àwọn àlejò wà lókè."

"Òfin pé kí gbogbo àwòrán hàn, ẹ̀yin náà lẹ ṣe é."

Akínlàjà súnmọ́ ọn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ohùn ẹni tó ń ra nǹkan. "Dókítà, ẹ ti ṣe irú èyí rí láìsí àwòrán, kí ẹ̀rọ tó dé. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọwọ́ yín. Ẹ gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí àwọn àlejò bá ti lọ, mo máa ní kí wọ́n kó àwọn férémù yẹn kúrò. Ẹ ó gba yàrá yín padà. Ẹ ó gba irinṣẹ́ yín padà. Ẹ ò ní jókòó sórí àga yẹn mọ́."

Yàrá òun. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, Ìbídùnní ti wà níbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, iná ńlá ti tàn lórí tábìlì, abẹ ti wà láàárín ìka rẹ̀, kò sì sí Ògiri kankan tó ń bèèrè ẹlẹ́rìí. Ó ti ṣe é láìsí àwòrán rí lóòótọ́. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni, tí egungun wọn fẹ̀. Ti Àńjọlá kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Iṣan tó ń gbé ojú àti ẹnu gba inú rẹ̀ kọjá. Bí abẹ bá kàn án, ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọmọ náà yóò wọ́ lulẹ̀, kò sì ní gbéra mọ́ títí ayé. Bí ọyún bá sì ti jẹ ògiri ọpọlọ, tí òun wá lọ ṣí ibi tí kò yẹ, ọmọ náà kò ní jí lórí tábìlì. Ó mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀ ó ń rò ó, ó ń rò ó pé bóyá ọwọ́ òun á mọ̀ ọ́n.

Ó tún kíyè sí nǹkan mìíràn nínú ara rẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Inú rẹ̀ ń dùn. Òógùn ti bo iwájú orí Akínlàjà, ó sì wu Ìbídùnní kó dúró níbẹ̀ kó máa wò ó, kó jẹ́ kó máa ṣàn, kó má sọ nǹkan kan. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó bí iná wà láàárín àwọn méjèèjì, òun náà sì ń fi ṣe ìgbádùn. Ó kórìíra ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ó wá kórìíra bí òun ṣe jọ ọ́ tó.

"Rárá," ló wí. "Àwòrán ni, tàbí kí ẹ wá dókítà mìíràn."

"Dókítà etí mìíràn wo ló wà ní ìlú yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ lé wọn lọ, Ọ̀gá. Ẹ ó mọ ibi tí wọ́n wà."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò lọ ná. Ọ̀sán yìí náà ni ọkọ̀ wọn ń gbéra. Ẹ kàn ní sùúrù díẹ̀."

Ibi tó sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Àńjọlá fi bì. Ògì àárọ̀ tú sí èjìká ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ó sì rọ pátápátá bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi. Kò kérora mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni Ìbídùnní ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tó ti wọlé.

Morádékẹ́ dìde. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde lọ sí gbọ̀ngàn.

Ìgbà tí Ìbídùnní yóò fi bá a, ó ti kọjá gbogbo ìyá tó tò, ó ti jókòó nídìí ẹ̀rọ. Obìnrin tó kàn láti jókòó ti ń múra láti bá a jà, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Àwọn kan mọ̀ ọ́n. "Ìyàwó Alábòójútó nìyẹn," ni ẹnì kan wí. Morádékẹ́ mú ife Awotí, ó ká irun ọmọ rẹ̀ sókè, ó sì gbé ife náà lé ẹ̀yìn etí níbi tó wú.

"Ibi tí ẹ gbé ife sí kò bá òfin mu," ni Ògiri wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ihò etí."

Obìnrin náà kò gbé e kúrò.

"Ibi tí ẹ gbé ife sí kò bá òfin mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ihò etí."

Akínlàjà ti jáde wá. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà lókè, níbi gíláàsì. Àwọn àlejò ti dìde dúró. Ọ̀kan nínú wọn ti fi ọwọ́ kan gíláàsì láti ríran dáadáa.

"Bàbá Àńjọlá," ni Morádékẹ́ wí. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn náà ti pa rọ́rọ́. "Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà tún wo òkè. Ìbídùnní, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rí i bó ṣe ń ṣírò. Ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, oyè rẹ̀ wà lókè, ó sì ń wo èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì. Ó dá Ìbídùnní lójú pé bí àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò bá sí níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó, ì bá máa ṣírò lọ di ọ̀la.

"Ṣí i," ni Akínlàjà wí sínú agbádá rẹ̀.

"A kò gbọ́ yín," ni Ògiri wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ìyá, ó sì tètè gbé e mì.

"Èmi Akínlàjà, Alábòójútó Etí, mo ní kí o ṣí ojú Awotí sí ẹ̀yìn etí," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo igun.

Ìmọ́lẹ̀ tàn nínú ife. Àwòrán náà yọ lára Ògiri, ó yọ ní ọjà, ó yọ ní èbúté, ó yọ ní ilé ìwé. Kò jọ àwọn tó ti ń yọ láti àárọ̀. Egungun ni, oníhò wẹ́wẹ́, ihò tó yẹ kí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀. Gbogbo ihò náà ló ti kún, Awotí sì ti kun ohun tó kún wọn ní pupa, láti ẹ̀yìn etí lọ sókè, lọ sínú, títí dé ibi tí egungun ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ògiri fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dákẹ́. Ó hàn pé kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń sọ nípa irú èyí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹlẹ́rìí dà?"

Ìbídùnní ti dé iwájú Ògiri. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń tọpa àwòrán náà bí ẹni tó ń wá ilé nínú àdúgbò tó ti mọ̀ rí.

"Ọyún ti kún egungun," ló wí, kì í ṣe sí ẹ̀rọ. Morádékẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ògiri ọpọlọ ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì lu. Iṣan ojú nìyí, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mo ti mọ ibi tí mo máa gbà. Ṣẹ́gilọlá, gbé ọmọ náà wá."

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ àtijọ́, orí tábìlì ni wọ́n to ohun mímu àwọn àlejò sí. Ṣẹ́gilọlá fi apá gbá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wá àpótí irinṣẹ́ jáde lábẹ́ kàǹtà tí wọ́n ti ń ta káàdì àwòrán etí. Wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn oorun. Ìbídùnní gé ẹ̀yìn etí náà láàárín ogunlọ́gọ̀ etí tó rẹwà tó wà nínú férémù lára ògiri, àwòrán Àńjọlá sì wà lókè orí rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń gé, ó tún ń wò ó. Ọyún tú jáde pẹ̀lú agbára, ó ta sí i láṣọ. Ó ha egungun náà ní hóró-hóró, ó sì dúró níbi tí àwòrán sọ pé kó dúró. Nígbà tó parí tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́.

Nígbà tí oorun ń dá lójú Àńjọlá, ó bú sẹ́kún. Ìbídùnní tẹ̀ síwájú láti wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì là bákan náà, ojú méjèèjì sì fún pọ̀ bákan náà. Morádékẹ́, tí wọ́n ti jẹ́ kó wọlé, kò mọ ohun tí dókítà ń wò, ṣùgbọ́n ó rí i pé dókítà mí kanlẹ̀, òun náà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún láìfi ọwọ́ bojú.

Ìbídùnní wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ọwọ́, nígbà tó gbọ́ ohùn Akínlàjà láti ara Ògiri.

"Ohun tí ẹ rí láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, kì í ṣe èèṣì," ni ohùn náà ń wí. Gbogbo ohun tó ṣubú lára rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ló ti kó jọ padà. "A dìídì fi í pamọ́ dé ọjọ́ òní ni. Àwọn ìlú yòókù ń wo iwájú etí. Òkè-Omi nìkan ló ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tèmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ fi han ayé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ń fi ọmọ ẹlòmíràn dán nǹkan wò."

Àtẹ́wọ́ bú jáde lára gbogbo ògiri ìlú.

Ṣẹ́gilọlá di abọ́ ẹ̀jẹ̀ mú, ó ń wo Ògiri bí ẹni tó fẹ́ da abọ́ náà lù ú. "Dókítà, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Wọ́n sì ti ránṣẹ́ pè yín sókè. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́rìí wá jẹ́rìí. Ẹ má lọ, mà. Tàbí kí ẹ lọ, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn."

Ìbídùnní gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ tí ọyún ta sí. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu kó tó dé òkè, láti orí kápúsù inú ògì dé orí ohun tí ọkùnrin náà sọ ní yàrá ẹ̀yìn. Ó wọlé. Àwọn àlejò pòṣé àánú nígbà tí wọ́n rí aṣọ rẹ̀, wọ́n sì bì sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà kan tiwọn. Akínlàjà dúró láàárín wọn, ojú rẹ̀ ń dán, ó gbàgbọ́ nínú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tọkàntọkàn. Ohun tó ya Ìbídùnní lẹ́nu jù nìyẹn. Kò purọ́ bí ènìyàn ṣe ń purọ́. Ó kàn kúrò nínú òótọ́ kan bọ́ sínú òmíràn ni, bí ẹni tó pààrọ̀ bàtà.

"Ẹlẹ́rìí wa rèé," ni ọkùnrin náà wí. "Dókítà, ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Ó wo ojú rẹ̀. Bí òun bá sọ ọ́, àwọn tó wọ aṣọ funfun wọ̀nyí á gbé oyè wọn padà sínú ọkọ̀. Ilẹ̀ kò ní tíì ṣú tí ọkùnrin tó ti tẹ́ yìí á fi lọ ti Awotí padà, kò sì ní sí ohùn mìíràn tó lè ṣí i. Bí òun kò bá sì sọ ọ́, ọkùnrin náà á máa jẹ oyè lórí rẹ̀ títí ayé. Ó ronú kan àwọn ọmọ tí wọ́n wẹ etí wọn tí wọ́n sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ tó ti tò jọ lẹ́nu, ó gbé e mì. Ó korò.

"Mo rí Ọ̀gá Akínlàjà tí wọ́n ṣí ojú Awotí sí ẹ̀yìn etí lónìí, níṣojú gbogbo ìlú," ni Ìbídùnní wí, ó sì jẹ́ kí ohùn òun dé ibi tí Ògiri yóò ti gbọ́ ọ dáadáa. "Mo sì jẹ́rìí pé wọ́n ti ṣèlérí fún gbogbo ìyá Òkè-Omi pé ẹnikẹ́ni kò ní tì í mọ́ láé, àti pé yàrá iṣẹ́ abẹ etí ti di ṣíṣí padà láti ọ̀sán òní lọ."

"A dúpẹ́," ni Ògiri wí. "Ìlérí ti wọ inú àkọsílẹ̀ ìlú."

Akínlàjà la ẹnu láti takò ó. Àwọn àlejò ti ń pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn ti ń gbá a lẹ́yìn, ọkùnrin náà sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ gíláàsì, ẹ̀rù ti ń ba àwọn ìyá, síbẹ̀ wọ́n ń ká irun ọmọ wọn sókè. Wọ́n gbé ife lé ẹ̀yìn etí ọmọ kan, àwòrán rẹ̀ sì mọ́. Wọ́n gbé e lé ti òmíràn, ó sì pọ́n lára Ògiri níṣojú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ìbídùnní yí padà láti sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí i níwájú àwọn àlejò, kí wọ́n jọ bọ ọwọ́. Ó wo ọwọ́ náà.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá," ló wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́ mi ni, ọmọ kan sì ń dúró dè mí."